Gbígbá Ni, Bíbọ Kọ́: Bàbá Àgbà àti Òkúta Márùn-ún Ẹ̀yìnkùlé Wọn

Ní ọjọ́ kẹjọ tí Bàbá àgbà mi kú, níbi àdúrà fídáù wọn, Ààfáà bẹ Ọlọ́run pé kó forí ji òkú náà nípa “ọ̀rọ̀ àwọn òkúta ẹ̀yìnkùlé.” Gbogbo àwọn tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà dáhùn pé “Àmín.” Èmi náà ti la ẹnu láti ṣe àmín kí n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe àmín sí. Mo pa ẹnu mi dé. Inú ti ń bí mi láti ọjọ́ náà, kò sì tíì rọ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè sọ̀rọ̀. Kẹ́míísìrì ni mo kà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n sì kọ́ wa níbẹ̀ ni pé kí á kọ ohun tí a rí sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí á kọ ohun tí a rò sílẹ̀ lọ́tọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é níbí náà nìyẹn. N kò ní sọ ìtàn ayé Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí n kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo mọ ẹ̀yìnkùlé wọn. Mo sì mọ ibi tí irọ́ yẹn ti ṣẹ̀, torí ojú mi ló ṣe.

Làmídì Àkànní lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n “Bàbá Jàpáànù” ni gbogbo àdúgbò wa nítòsí ojú irin Agége ń pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ ológbà ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Orégùn, nílé ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe páànù ìbolé. Ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù ni ọ̀gá náà àti ìyàwó rẹ̀ tí Bàbá ń pè ní Màdáàmù.

Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí wọ́n kàn gbá àyíká ilé. Bàbá gbá a bí wọ́n ṣe ń gbá a nílé ìyá wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà, ẹni tó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa hàn lórí ilẹ̀ tó ti gbá. Ojú ọwọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ hàn, ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri. Màdáàmù jáde, ó rí àwọn ìlà náà, ó dúró. Ó pe ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Bàbá rò pé wọ́n máa lé àwọn lọ, wọ́n sì fẹ́ yára fi ẹsẹ̀ pa àwọn ìlà náà rẹ́. Obìnrin náà pariwo pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ orí ba fún wọn. Bí Bàbá bá dé ibí yìí, wọ́n á dìde, wọ́n á tẹ orí ba fún wa kí á lè rí i.

N kò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyí: “Ohun tí ìyá mi fi nà mí kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, òun ni òyìnbó rí tó fi gbà mí síṣẹ́.”

Màdáàmù ló kọ́ wọn ní ìyókù. Kì í ṣe ọgbà òdòdó ló ṣe sí Orégùn. Òkúta ni, àti yanrìn tí wọ́n ń fi ráàkì onígi yà bí ẹni ń yarun, àti ọparun díẹ̀, àti ohun ewé tútù tó máa ń hù sára òkúta níbi tí òjìji bá wà. Ó máa ń kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ tu koríko, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìka. Èyí ló ya Bàbá lẹ́nu jù. Wọn kò tíì rí òyìnbó tó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí.

Nígbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, dé, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Irin tí wọ́n ń kó wọlé di ọ̀wọ́n, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, nígbà tó yá òyìnbó náà di ẹrù rẹ̀. Àwọn tó gba ilé náà lẹ́yìn wọn da kọnkéré lé gbogbo ọgbà lórí kí ọkọ̀ akẹ́rù lè rí ibi dúró. Bàbá dúró wò wọ́n títí wọ́n fi dà á tán. Wọ́n ní ilé náà kò nílò ológbà mọ́. Ráàkì onígi kan, eléyín mẹ́jọ, tí Màdáàmù fi sílẹ̀ fún wọn, ni wọ́n gbé délé. Òòyà ni wọ́n ń pè é.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Rìsí, tó jẹ́ àgbà ọmọ tó kù láti ìgbà tí bàbá mi, Ganí tó jẹ́ àkọ́bí, ti ṣaláìsí, rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Àwọn ẹlẹgbẹ́ yín gbé fíríìjì bọ̀ láti ilé òyìnbó, ẹ̀yin gbé òòyà! Irun dà lórí yín, Bàbá?”

Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n fọwọ́ pa orí wọn tó ti pá. Wọ́n ní, “Ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi yà.”

Ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba ológun sì ní kí oníkálukú máa lọ sílé rẹ̀, ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ ọgbà tiwọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa nígbà náà kò ju ibi ìdalẹ̀nù lọ. Dúrọ́ọ̀mù tó ti dógùn-ún, táyà, ilé adìẹ tí kò ní adìẹ, àti omi ilé ìwẹ̀ tó ń ṣàn síbi tó bá wù ú. Bàbá gbé àpótí síbẹ̀, wọ́n jókòó. Odidi oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìyá àgbà mi, ìyàwó wọn, kọ́kọ́ rò pé àìríṣẹ́ṣe ló fẹ́ dà wọ́n lórí rú. “Bàbá Ganí, ṣé ara yín le ṣá?”

“Ara mi le.”

“Kí lẹ wá ń wò láti àárọ̀?”

“Oòrùn.”

“Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ wá bá mi gbé odó.”

Èmi náà bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi mí pé níbo ni oòrùn ń gbà wọ ẹ̀yìnkùlé, mo nawọ́ síbì kan, wọ́n ní kí n jókòó títí di ọ̀sán kí n tún dáhùn. Irọ́ ni mo pa láàárọ̀. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo wa sá wọlé, Bàbá á mú agboòrùn, wọ́n á jáde lọ wo ọ̀nà tí omi ń tọ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀ ń gbẹ kíákíá, ibi tí omi ń dúró sí, àti igun tí òjìji kì í kúrò. Mo ti jókòó sábẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ níwájú iṣẹ́ wọn. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gbé táyà tàbí kí n fa koríko kan, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: “Má tíì fọwọ́ kàn án, Àṣàkẹ́. Wò ó ná.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ohun tí kò yẹ kúrò. Ó gbà wọ́n ní oṣù kan. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tán ni òkúta dé.

Mo fẹ́ sọ ti àwọn òkúta yìí dáadáa, torí àwọn kan ń sọ pé Bàbá jí wọn ní Orégùn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ títì ní Abúlé Ẹ̀gbá ni wọ́n ti wá, lára èyí tí àwọn tó ń ṣe títì fi sílẹ̀ tí ọdún sì ti gorí ọdún. Mo tẹ̀ lé ọmọlanke tó kó wọn. Ẹ̀karùn-ún, ọlọ ìyá Bàbá ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Ata àwọn ìyá àti ìyá àwọn ìyá ti jẹ àárín rẹ̀ wọnú, tí òjò bá rọ̀, omi á dúró sínú rẹ̀, ẹyẹ á wá mu.

Bàbá gbẹ́ ihò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì sin ín dé bí ìdajì. Ọkùnrin tó ti ọmọlanke náà bínú gidi. “Bàbá, láti Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti ń làágùn bọ̀ nítorí òkúta yìí. Ẹ tún fẹ́ sin ín? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò mú kékeré?”

Bàbá kò bínú sí i. Wọ́n tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìdí òkúta náà bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọ. “Tí mo bá kàn gbé e lélẹ̀, àlejò ni. Mo fẹ́ kó di onílé.”

Lẹ́yìn òkúta, wọ́n da yanrìn olókùúta wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ti yọ sọ́tọ̀ sí gbogbo ilẹ̀ tó kù. Wọ́n gbin ọparun díẹ̀ síwájú ògiri ilé ìwẹ̀ kó lè bò ó. Wọn kò gbin òdòdó kankan. Ohun ewé tútù yẹn ló ṣòro jù, torí oòrùn Agége kò fẹ́ kó hù. Bàbá wá ń bu omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì sára òkúta tó wà ní igun olójìji. Ọdún náà, ìrẹsì ti di ohun ọdún iléyá. Ìyá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. “Àwa ò rí ìrẹsì jẹ, òkúta ń mu omi rẹ̀.”

Bàbá ní, “Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju èmi náà lọ.”

Láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà, Bàbá á mú òòyà, wọ́n á ya ilẹ̀ náà, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn títí wọ́n á fi jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀, kò ní sí ojú ẹsẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ń kírun. Yàrá iwájú ni, ìlà-oòrùn ni wọ́n sì ń kọjú sí. Ìwọ̀-oòrùn ilé ni àwọn òkúta wà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni Bàbá ń kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ńpáàsì wọn ilé wa, kó wá wọ̀n ọ́n.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣi ọgbà náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayálégbé wa kan tó wà nínú oyún lọ gbé obì kan sínú ọlọ ní kùtùkùtù, ó sì dá ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Bàbá rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n jáde, wọ́n mú obì náà, wọ́n pa á, wọ́n fún obìnrin náà ní awẹ́ kan, wọ́n jẹ ìyókù. Obìnrin náà la ẹnu sílẹ̀. Bàbá ní, “Ẹ ṣé o, ìyá ìkókó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún ní obì, èmi gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Èmi ò bọ òkúta yìí. Gbígbá ni mò ń gbá a.”

Bàbá náà ní àlébù tiwọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo yọ ọ́ kúrò. Orí kunkun ni wọ́n. Nígbà ìsọmọlórúkọ ọmọ Bàbá Rìsí, wọ́n kọ̀ kí wọ́n gbé àga kan ṣoṣo sí ẹ̀yìnkùlé, àwọn àlejò sì dúró sójú títì nínú oòrùn. Wọ́n máa ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ayálégbé tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sórí yanrìn. Ìjà wọn àti Ìyá àgbà ló sì gùn jù.

Láfún ni ìjà náà dá lé. Òkúta tó fẹ̀ jù nínú márààrún máa ń gbóná tó bá di ọ̀sán, Ìyá àgbà sì rí i pé kò síbi tó ń tètè gbẹ láfún bí ibẹ̀. Wọ́n á gbé àtẹ, wọ́n á gba àárín yanrìn tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kọjá, wọ́n á sá láfún wọn, wọ́n á tún gba ibẹ̀ padà.

“Ìyá Ganí, wo ẹsẹ̀ rẹ.”

“Mo rí i. Ẹsẹ̀ mi ni. Ṣé kí n fò ni?”

“Gba etí ògiri.”

“Láfún ò mọ etí ògiri, Bàbá Ganí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹ ẹ́, ṣé etí ògiri lẹ ń fi jẹ ẹ́?”

Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń bá a lọ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan a jí, a rí i pé Bàbá ti ri àfọ́kù búlọ́ọ̀kù pẹrẹsẹ méje mọ́lẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí òkúta náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ Ìyá àgbà gẹ́lẹ́. Ìgbésẹ̀ Ìyá àgbà kúrú, àwa yòókù máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìyá àgbà rìn ín lọ, wọ́n rìn ín bọ̀, wọ́n lọ gbé àtẹ wọn. Bàbá yíjú sí mi. “Ọgbà tí ìyàwó mi ò bá lè gbà kọjá, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni.”

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ Sátidé kan síwájú. N kò lè sún un síwájú mọ́.

Sátidé ìparí oṣù ni, ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́ mi. Wolé-wolé kan wọlé pẹ̀lú sójà méjì. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí òkúta igun.

“Bàbá, kí ni ìdọ̀tí yìí?”

“Èwo ni, sà?”

“Èyí tó tutù lára òkúta yìí. Ibi tí ẹ̀fọn ń sá pamọ́ sí nìyí. Ẹ ha á kúrò.”

“Ẹ̀fọn ò sí níbẹ̀, sà. Ojoojúmọ́ ni mò ń da omi inú ọlọ nù.”

Èyí tó dàgbà nínú àwọn sójà náà rẹ́rìn-ín. “Pápà, na jùjú be dis?” Ó wọ àárín yanrìn pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó rìn yí àwọn òkúta náà ká, ó jáde. Bàbá mú òòyà, wọ́n ya ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Wọn kò fajú ro. Sójà náà tún wọ ibẹ̀. Bàbá tún yà á. Ó wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń gbọn ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ báyìí. Bàbá tún gbé òòyà sókè.

“Kúnlẹ̀! Gbọ́wọ́ sókè!”

Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa nígbà náà. Inú ilé wọn ni. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú òkúta tó fẹ̀ jù, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi ọmọ ọmọ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, mo dúró ti ọwọ̀ mi bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. N kò ṣe nǹkan kan. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka wọn méjì mú koríko kékeré kan ní ìdí òkúta náà, wọ́n fà á tu tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn kí gbòǹgbò rẹ̀ má bàa já. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tún mú òmíràn.

“Mo ní kó o gbọ́wọ́ sókè!”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá.” Ohùn Bàbá rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ oòrùn. “Tí mo bá wà lórí ìdúró, mi ò kì í rí àwọn wọ̀nyí. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n kúnlẹ̀ síbí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wolé-wolé wo ìwé rẹ̀, ó ní kí àwọn lọ sí ilé kejì. Sójà kékeré gba etí ògiri jáde. Bàbá kò dìde. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi tu koríko ìdí òkúta márààrún tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Rìsí dé. Èmi fúnra mi ni mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú omijé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí a ti ṣe fídáù Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ń sọ pé àwọn fi ojú rí Bàbá níbi tí wọ́n ti ń bọ òkúta. Mo lọ bá Ìyá Bíọ́dún, aládùúgbò wa tí fèrèsé wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa.

“Ojú mi yìí ló rí i, Àṣàkẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ òkú. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè báyìí, ẹnu wọn ń mì.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rí i, mà?”

“Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ṣé kò tó ni?”

“Ọjọ́ wo ni?”

“Ọjọ́ kan tí a ò jáde ni… Sátidé. Mò ń nu fèrèsé.”

“Sátidé ìmọ́tótó. Ẹ ò rí sójà?”

“Sójà kẹ̀? Ògiri ò jẹ́ kí n rí apá ibẹ̀.”

Ìdajì ni wọ́n rí, wọ́n sì sọ ìdajì. N kò lè bínú sí wọn tán. Mo wá lọ bá Ààfáà nílé. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo bi wọ́n léèrè ẹni tó sọ fún wọn.

Ààfáà wò mí pẹ̀lú àánú. “Ọmọ mi, kì í ṣe ará ìta. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ gan-an ló wá bá mi, tó ní kí n bá òun tọrọ àforíjì fún bàbá òun.”

Bàbá Rìsí ni. Bàbá Rìsí tí mo sọ òtítọ́ rẹ̀ fún lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ kejì fídáù ni wọ́n ti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀ pé kó wá da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè kọ́ yàrá méjì síbẹ̀ fún ayálégbé, “kí ojú yé tì wá láàárín àwọn mùsùlùmí.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò dáadáa. Ayé le. Ilé kún, àwọn ọmọ wọn ń dàgbà, yàrá méjì kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ ní tààràtà ni, mo lè bá wọn jiyàn, n kò ní bínú. Ẹni tó bá sì ń bọ òrìṣà tirẹ̀ ní gbangba, ìyẹn kò kàn mí. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ́ yàrá láìparọ́ mọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n mú ìyà tí sójà fi jẹ bàbá wọn, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì ní kí gbogbo wa wá ṣe àmín sí i.

Ní Mọ́ńdè, bíríkìlà dé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ méjì. Wọ́n da yanrìn àti sìmẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ tí mo yà láàárọ̀. Bàbá Rìsí ń nawọ́ sí òkúta tí wọ́n máa kọ́kọ́ hú. Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ lórí, mo sì fẹ́ la ẹnu. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ìyá àgbà ló jáde nínú aṣọ opó wọn.

“Màámi, ẹ wọlé, opó lẹ wà!” Bàbá Rìsí ké.

“Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo wà, n ò lọ ọjà.” Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí Bàbá, wọ́n pe Bàbá Rìsí lórúkọ. “Mùfú, wá. Òkúta tó fẹ̀ yẹn, kí ni mò ń ṣe lórí rẹ̀?”

“Ẹ ń sá láfún.”

“Ó tó ọdún mélòó?”

“Ó ti pẹ́, Màámi. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí ṣiṣẹ́.”

“Wọ́n á ṣiṣẹ́. Ta ló ń jẹ láfún náà?”

“Gbogbo wa ni.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Bàbá Rìsí yíjú sí bíríkìlà.

“Ìwọ lo máa ń ní kí n bù kún un. Ó dáa. Tó bá jẹ́ òrìṣà ni bàbá rẹ ń bọ níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹbọ lo ti ń jẹ láti gbogbo ọdún yìí wá. Kí Ààfáà tọrọ àforíjì tìẹ náà mọ́ ọn.”

Bíríkìlà kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ikọ́ bo ẹ̀rín rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Àwọn èèyàn rẹ̀ méjèèjì yíjú sí ògiri, èjìká wọn ń gbọ̀n. Bàbá Rìsí ní kí àwọn bíríkìlà kó ẹrù wọn, ó di ìgbà tí Màámi bá jáde nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nìyẹn. N kò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì ní ṣe bí ẹni mọ̀ ọ́n. Ààfáà kò tíì dá ọ̀rọ̀ wọn padà níwájú àwọn tó ṣe àmín. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá àgbà wo ilẹ̀. “Àṣàkẹ́, wọ́n ti ba ilẹ̀ bàbá rẹ jẹ́.”

Mo mú òòyà, mo yà á, mo ń fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tí mo dé ìdí òkúta tó fẹ̀, mo rí i pé koríko ti ń yọ níbẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí. Òótọ́ ni, ẹni tó bá wà lórí ìdúró kò lè rí i.

Fèrèsé Ìyá Bíọ́dún ṣí. “Háà, Àṣàkẹ́! Ìwọ náà? Kí lò ń bọ níbẹ̀?”

Mo gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó wà lójú irin á gbọ́. “Koríko ni mò ń tu, mà! Ẹ wò ó ná! Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ ọ́!”